Obìnrin Ọlọ́wọ́ Òsì Méjì

Gbogbo òwúrọ̀ Sátidé ni mo máa ń fi àdín pa ọwọ́ kan tó wà lórí tábìlì mi. Kì í ṣe ọwọ́ ènìyàn, ẹ má bẹ̀rù. Igi ọ̀mọ̀ ni. Ọkọ mi ló gbẹ́ ẹ, ọkọ mi sì ti lọ láti bí oṣù mẹ́rin. Àwọn ọmọ ní kí n gbé e kúrò níbẹ̀, pé ó ń ba àlejò lẹ́rù. Mo bi wọ́n bóyá ó ti gbá àlejò kankan létí rí. Wọ́n ní rárá. Mo ní ó dáa, kó máa jókòó.

Orúkọ gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ni mo mọ̀, àti ti baba wọn, àti ti agboolé tí wọ́n ti jáde. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, ṣùgbọ́n orúkọ ènìyàn kì í jábọ́ lórí mi. N ò kàn ní í kọ ọ̀kankan síbí ni, nítorí ohun tí a ṣe kì í ṣe ohun tí a ń fọwọ́ sí. Ẹni tó bá mọ̀ wá á ti mọ̀ wá.

Ní Ẹ̀fọ̀n, ilé kan wà lábẹ́ òkè nígbà náà tí wọ́n kó ère sí: ilẹ̀kùn tí wọ́n gbẹ́ àwòrán sí lára, òpó àtijọ́, ẹlẹ́ṣin, ìyá tó pọn ọmọ. Ìjọba ń pè é ní mùsíọ́mù. Àwa ń pè é ní Ulé Ère. Lẹ́yìn ìwé mẹ́rin ni ìyá mi mú mi láti Ìjurìn lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ní Ẹ̀fọ̀n, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ló sì wá iṣẹ́ fún mi níbẹ̀. Kí n máa gbálẹ̀, kí n sì máa fi àdín pa ère kí igi má baà là, ìyẹn ni iṣẹ́ mi.

Bàbá kan ló ń tọ́jú ilé náà, mo máa pè é ní Bàbá Olùtọ́jú. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pa àdín: ìwọ̀nba, pẹ̀lú àkísà funfun, láti orí wá sí ẹsẹ̀, bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Ère kan ṣoṣo ló wà ní kọ̀rọ̀, ti Èṣù, tí Bàbá ní àdín kò gbọdọ̀ kàn, epo pupa ni kí n fi pa á. Mo ní ọmọ ìjọ ni mí, n ò bẹ̀rù Èṣù. Ó ní ọmọ ìjọ ni òun náà, ṣùgbọ́n kí ni a fẹ́ fi àdín wá lọ́dọ̀ ẹni tí kò bá wa jà? Láti ọjọ́ náà, epo ni mo ń fi pa á.

Ibẹ̀ ni mo wà tí ọ̀dọ́mọkùnrin káfíńtà kan fi wá láti Erìjìyàn láti tún fèrèsé ṣe. Fèrèsé mẹ́rin ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni iṣẹ́ náà. Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí ó bá kan ìṣó kan tán, á pè mí pé kí n wá wò ó bóyá ó tọ́. Kí ni mo mọ̀ nípa ìṣó? Mo máa ń lọ wò ó ṣáá. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi bi mí nílé bóyá ilé ọba ni wọ́n ń kọ́ lábẹ́ òkè.

Nínú gbogbo ère ibẹ̀, ọ̀kan wà tí mo fẹ́ràn jù. Obìnrin kan ni, ó kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kọjú sókè bí ẹni tó ń fún àgbà ní nǹkan. Nǹkan náà ti sọ nù kí wọ́n tó bí wa. Ní ọjọ́ kan tí Bàbá Olùtọ́jú lọ sí Adó fún ọjọ́ méjì, mo gbé obìnrin náà sókè láti pa ìdí rẹ̀. Káfíńtà pè mí láti ojú fèrèsé pé kí n wá wo ìṣó. Mo yíjú. Obìnrin náà bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kán ní ọrùn ọwọ́. Mo ní kí n ṣà á, ó di lẹ́búlẹ́bú. Kòkòrò ti jẹ inú rẹ̀ tán láìjẹ́ kí a mọ̀, àfi bí ẹni pé àdín mi nìkan ló ń dì í mú. Èérún igi kan sì gún mi wọnú àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún, ẹ̀jẹ̀ ń dà. Káfíńtà rí ẹ̀jẹ̀, ó fo fèrèsé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn tán wọlé, ó sì fọ́ ọ. Ó fa síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ya, ó fi di ọwọ́ mi. Mò ń sunkún pé wọ́n á lé mi, wọ́n á tì mí mọ́lé. Ó ní kò sẹ́ni tó máa tì mí mọ́lé, òun á gbẹ́ ọwọ́ mìíràn kí Bàbá tó dé. Mo bi í bóyá ó ti gbẹ́ ère rí. Ó ní òun ti gbẹ́ ẹsẹ̀ àga.

Ó wá igi ọ̀mọ̀, ó jókòó sílẹ̀, ó ní kí n na ọwọ́ kí òun rí bí ìka ṣe ń tò. Ní ilẹ̀ wa, a kì í na ọwọ́ òsì sí ènìyàn, ì báà jẹ́ ọba, ì báà jẹ́ káfíńtà. Ṣùgbọ́n ọ̀tún mi wà nínú síńgílẹ́ẹ̀tì. Mo na òsì sí i, mo sì kọjú sí ògiri.

Mo ní, “Ẹ má bínú o, òsì ni.”

Ó ní, “Èyí tó bá wà nílẹ̀ ni mo fẹ́.”

Odidi ọjọ́ méjì ni ọwọ́ òsì mi fi wà níwájú rẹ̀. Á fi ìka kan gbé ìka mi sókè, á wò ó, á gbẹ́ díẹ̀, á tún gbé e. Ó sọ fún mi nípa ìyá rẹ̀ ní Erìjìyàn, tó ní ewúrẹ́ kan tó ń bá ènìyàn lọ sí oko bí ajá. Èmi náà sọ ti Ìjurìn fún un. Nígbà tó parí, ó fi ìṣó igi àti gọ́ọ̀mù so ó mọ́ apá obìnrin náà, a fi àdín àti dúdú ìdí ìkòkò pa á títí àwọ̀ rẹ̀ fi bá ara mu. Mo rò pé kò sí ọwọ́ tó dára tó o láyé.

Bàbá Olùtọ́jú dé. Ó wo obìnrin náà. Ó wo ọwọ́ mi tí a dì. Ó wo káfíńtà tí kò wọ síńgílẹ́ẹ̀tì. Ó wá wo fèrèsé.

Ó ní, “Ta ló fọ́ fèrèsé?”

Ìbéèrè kan ṣoṣo tó bi wá nìyẹn.

Ọdún kejì ni a ṣe ìgbéyàwó ní Ìjurìn. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀, kí n fi ọwọ́ méjèèjì gbé omi fún ọkọ mi. Mo kúnlẹ̀. Ó wo ọwọ́ mi, kò gba omi. Ojú rẹ̀ yí padà. Àwọn ìyàwó ilé ti ń wo ara wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí etí mi, ó ní, “Ọmọ Ìjurìn, mo ti ṣe àṣìṣe.”

Mo rò pé èmi ni àṣìṣe náà.

Ó ní, “Àtàǹpàkò.”

Ẹ tẹ́ ọwọ́ yín méjèèjì síwájú, ẹ wò ó. Àtàǹpàkò ọ̀tún á kọjú sí ọ̀tún, ti òsì á kọjú sí òsì. Ti obìnrin wa ní Ulé Ère, méjèèjì ló kọjú sí òsì. Ọwọ́ òsì mi ló wò, òsì náà ló gbẹ́, ó sì lọ fi sí apá ọ̀tún. Obìnrin tó kúnlẹ̀ látàárọ̀ ayé láti bọ̀wọ̀ fún àgbà wá ń fi òsì fún wọn ní nǹkan, òsì lọ́nà méjì. Ọkọ mi gba omi náà nígbà tó yá, ó mu ún, ó sá pá a lórí. Wọ́n ní ayọ̀ ni.

A kó lọ sí Ìjerò, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀kùn dáadáa láti Ìjerò dé Aràmọ̀kọ mọ ilẹ̀kùn ọkọ mi. Kì í rọ̀, kì í ké. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá yìn ín, á ní, “Ẹ ò tíì rí gbogbo iṣẹ́ mi.” Wọ́n á rò pé ó ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ ni. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tó ń sọ. Bí bọ́ọ̀sì bá gbé wa kọjá ní Ẹ̀fọ̀n, á yíjú sí apá kejì bí ẹni jẹ gbèsè. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí a kò fi ẹsẹ̀ kan Ulé Ère. Ẹ̀rù ọlọ́pàá ń bà mí, ojú ń ti òun.

Nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí gbogbo nǹkan ń lọ sí Àkúrẹ́, tíṣà kan tó yálé lọ́dọ̀ wa sọ fún wa ní ìrọ̀lẹ́ kan pé òrùlé Ulé Ère ti ń jò, àti pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ wọ́n á kó gbogbo ère ibẹ̀ lọ sí Àkúrẹ́, wọ́n á ya fọ́tò wọn, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ síwèé. Ọkọ mi gbé òkèlè padà sínú abọ́.

Nígbà tí tíṣà lọ tán, ó ní, “Títí ayé ni wọ́n á máa wò ó. Wọ́n á ní káfíńtà kan wà tí kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì.”

Mo ní ta ló máa mọ̀ pé òun ni. Ó ní òun á mọ̀. Ó ní ohun gbogbo tí òun ti kàn láyé òun ló dúró dáadáa, àfi ìyẹn nìkan, òun kò sì fẹ́ kú kí òun tó tún un ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n díẹ̀ nígbà náà, dókítà sì ti sọ̀rọ̀ kan nípa àyà rẹ̀ tí a kò fẹ́ràn. (Dókítà náà ti ṣáájú rẹ̀ lọ báyìí, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.)

Láti ọjọ́ kejì ni nǹkan kan ti ṣe é. Bí mo bá sun oorun ọ̀sán tí mo jí, á ti jókòó tì mí, á máa wo ọwọ́ mi. Bí mo bá ń ṣa ẹ̀wà, á wá dúró. Á gbé ìka mi sókè, á wò ó, á lọ. Mo ní háà, ìfẹ́ ìgbà ọ̀dọ́ ti padà dé. Mo lọ ra ìpara, mo ń fi pa ọwọ́ láràárọ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀ ó ní kí n wọ aṣọ dáadáa, a ń lọ sí Ẹ̀fọ̀n. Àpò ṣòkòtò rẹ̀ wú. Mo bi í pé kí ló wà níbẹ̀, ó ní oúnjẹ ọ̀nà.

A wọ bọ́ọ̀sì láti Ìjerò dé Aràmọ̀kọ, wọ́n tò wá mọ́ àpò kòkó, a wọ òmíràn lọ sí Ẹ̀fọ̀n. Ní gáréèjì, a gun ọ̀kadà méjì. Ọlọ́kadà tó gbé ọkọ mi ń bẹ̀ ẹ́ pé, “Bàbá, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì dì mí mú.” Ó ní ọwọ́ mẹ́ta ni òun gbé dání lónìí, òun kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ọ̀kan bọ́. Ọlọ́kadà wo ẹ̀yìn wò mí. Mo mi orí. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tó wà nínú àpò rẹ̀, àti ìdí tó fi ń wo ọwọ́ mi. Mo rántí owó ìpara mi.

Ulé Ère ti kéré. Àwọn àpótí pákó àti koríko gbígbẹ kún ẹnu ọ̀nà. Fèrèsé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà níbẹ̀. Ọkọ mi fọwọ́ kan wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ṣí wọn, ó tì wọ́n, kò sí èyí tó ké. Bàbá Olùtọ́jú jókòó lórí àga, arúgbó gidi, ojú rẹ̀ ti ń ṣókùnkùn. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó di ọwọ́ mi mú, ó yí i padà, ó fi ìka wá àtẹ́lẹwọ́ mi títí ó fi kan àpá èérún igi náà.

Ó ní, “Ọmọ Ìjurìn. Ta ló fọ́ fèrèsé?”

Ọkọ mi ní, “Èmi ni, sà.”

Ó ní, “Ó tó gẹ́ẹ́, ó ti jẹ́wọ́.”

Ọmọbìnrin kan láti Àkúrẹ́ ló wá ka ère, ó fi bírò há irun, ó mọ̀wé, ó sì níwà. Ó mú wa yí ká. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ obìnrin wa, páálí kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó kà á sí wa létí: pé àwọn àgbà mọ̀ọ́mọ̀ fún obìnrin yìí ní ọwọ́ òsì méjì ni, nítorí ọwọ́ òsì ni ọwọ́ ìmùlẹ̀, àti pé àdììtú ńlá ni. Ó ní ọ̀mọ̀wé kan ti wá wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Bàbá Olùtọ́jú bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́.

Ọkọ mi ní, “Ọmọ mi, èmi ni mo gbẹ́ ọwọ́ yìí.”

Ó ní, “Ìgbà wo, sà?”

“Ìgbà tí mò ń fẹ́ ìyàwó mi.”

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí wọ́n ń rín fún bàbá àgbà ẹni. Ó ní, “Bàbá, ẹ̀yin àgbà ẹ mọ ẹ̀fẹ̀ o. Ọwọ́ yìí ju bàbá tó bí yín lọ.” Ó wá fi sùúrù ṣàlàyé fún un bí wọ́n ṣe ń wo ojú igi mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Káfíńtà ni wọ́n ń ṣàlàyé igi fún. Ọkọ mi gbọ́ ọ títí dé òpin, ó sì dúpẹ́. Ọmọbìnrin náà lọ sẹ́yìnkùlé lọ bá àwọn tó ń kan àpótí.

Bàbá Olùtọ́jú ní kí ló mú wa wá gan-an. Ọkọ mi sọ fún un. Bàbá ní ojú ń dun òun, òun á kọjú sí ògiri díẹ̀.

Mo di obìnrin náà mú fún un nítorí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó fi ọ̀bẹ kékeré tu ìṣó igi àtijọ́, òsì bọ́ sílẹ̀. Ó tú áńkáṣífù láti inú àpò rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí i nìyẹn. Ọwọ́ mi ni. Iṣan tó yọ lẹ́yìn ọwọ́, ìka kékeré tó wọ́ láti ọjọ́ tí ọmọ odó bà á, èékánná àtàǹpàkò mi tó pẹlẹbẹ, àti àpá èérún igi ní àárín àtẹ́lẹwọ́, kò ju hóró ìrẹsì lọ. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n ló gbẹ́ gbogbo rẹ̀.

Ó fi í sí i. Ó wọlé rẹ́gí, àtàǹpàkò kọjú sí ọ̀tún bó ṣe yẹ. A sún sẹ́yìn wò ó.

Obìnrin náà kò ju ọmọ ogún ọdún lọ, ọrùn rẹ̀ ń dán, àyà rẹ̀ ga. Ọwọ́ òsì rẹ̀ jọ̀lọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì ti gún iyán fún ọmọ márùn-ún.

Bàbá Olùtọ́jú kò lè mú un mọ́ra. Ó yíjú, ó fi ìka wo ọwọ́ náà láti àtàǹpàkò dé ìka kékeré. Ó ní, “Káfíńtà, o ti gbé ọwọ́ ìyá ìyàwó fún ìyàwó.”

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó lé àpótí. Ọkọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo obìnrin náà, ó ń wò mí, ó tún ń wò ó. Mo rò pé inú rẹ̀ ti bàjẹ́, pé gbogbo ọ̀sẹ̀ náà ti ṣòfò. Nígbà tó yá, ó ní, “Ohun tí mo rí ni mo gbẹ́.”

Mo ní, “Mo mọ̀.”

“Ìgbà yẹn náà, ohun tí o nà sí mi ni mo gbẹ́. Mi ò wo ọ̀tún, mi ò wo òsì.”

Mo ní, “Ṣé mo bá yín wí?”

Ó fa ọ̀tún náà yọ jẹ́jẹ́. Ó gbé òsì nílẹ̀, ó fẹ́ eruku orí rẹ̀ kúrò, ó fi í padà sí ibi tó ti wà láti ìgbà ọ̀dọ́ wa, ó sì kan ìṣó igi rẹ̀ wọlé. Nígbà tó ń kan án, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n rárá. Ó ní kí obìnrin náà máa gbé ọwọ́ mi lọ sí Àkúrẹ́. Bàbá Olùtọ́jú ní òun ti rí àtàǹpàkò náà láti ọjọ́ tí òun ti Adó dé. Mo bi í pé kí ló dé tí wọn kò fi lé mi. Ó ní kí n tó pàdé káfíńtà, ńṣe ni mo máa ń fajú ro bí mo bá ń pa àdín, lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí kọrin, ère náà sì ń dán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọmọbìnrin Àkúrẹ́ wọlé, ó fi koríko yí obìnrin wa ká, ó sì pa ìdérí àpótí dé. Ó ní kí á máa pa irú ìtàn bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ ọmọ wa, ó dùn gan-an.

Nínú bọ́ọ̀sì, kí a tó dé Aràmọ̀kọ, ọkọ mi fi ọwọ́ méjèèjì gbé áńkáṣífù náà fún mi. Ó ní kí n gbà á, ó ti rẹ òun láti máa ru ọwọ́ mẹ́ta kiri. Ó gbé orí lé èjìká mi, ó sùn títí dé Ìjerò, láàárín àpò kòkó. Láti ọjọ́ náà, bí ènìyàn bá yin ilẹ̀kùn rẹ̀, “Ẹ ṣé” ló máa ń sọ. Kò fi nǹkan kan kún un mọ́.

Ọ̀pọ̀ ọdún ló tún lò lẹ́yìn ìgbà náà. A ti gba ìpínlẹ̀ tiwa, Bàbá Olùtọ́jú ti lọ, òun náà sì ti lọ báyìí. N ò mọ̀ bóyá obìnrin wa ṣì wà ní Àkúrẹ́. Àbíkẹ́yìn mi ní òun á wá a rí, òun á sì fi mọ́tò gbé mi lọ bí ọyẹ́ bá ti kásẹ̀. Mo ti gbà. Mo ti rọ àdín sínú ìgò kékeré kan sílẹ̀, nítorí n ò rò pé ẹnikẹ́ni ń pa á níbẹ̀, ọwọ́ òsì yẹn á sì ti gbẹ. Mo fẹ́ rí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tí mo nà án sí i.

Títí dìgbà náà, ọ̀tún nìkan ni mo ní. Sátidé ni ọ̀la.